Ẹ̀rọ Ló Ń Yí Padà

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ pé Màámi ti ń gbàgbé. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe pásítọ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Ifọ̀. Èmi ni. Mo sọ ọ́ lórí fóònù, nínú ìbínú, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìbafò, Màámi sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń gbọ́ mi. Ẹnu mi ò ní bírékì. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà wa a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá ń táìpù, ọmọ ń jà. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà náà. Kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Iṣẹ́ táìpù ni Màámi ṣe láyé rẹ̀. Ọ́fíìsì ìjọba kan ní Abẹ́òkúta ló wà títí ó fi fẹ̀yìn tì, láti ayé ẹ̀rọ onírin tó máa ń dún gbà-gbà-gbà títí kọ̀ǹpútà fi dé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sá fún un, wọ́n ní ojú àwọn ò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Màámi jókòó tì í, ó kọ́ ọ, nígbà tó yá ó mọ̀ ọ́n ju ẹni tó kọ́ ọ lọ. Kì í wo bọ́tìnnì kó tó tẹ̀ ẹ́. Á máa bá ọ sọ̀rọ̀, á máa béèrè ọmọ àti ọkọ lọ́wọ́ rẹ, ìka rẹ̀ á máa sáré lọ ní tirẹ̀. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ló gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìbafò, kò jìnnà sí títì márosẹ̀. Iṣẹ́ méjì ló pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀: ìbéèrè ìdánwò àwọn ilé ìwé aládàáni, àti ìwé àdéhùn ilẹ̀. Ẹ mọ àdúgbò wa náà, kò sí ọjọ́ tí wọn kì í ta ilẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọmọ onílẹ̀ fúnra wọn, àwọn tí kì í ka ẹnikẹ́ni sí, tí wọ́n bá ti dé iwájú Màámi, ìdọ̀bálẹ̀ ni. Wọ́n á ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò, ṣé ó pé?" Ìwé tí Màámi bá táìpù kì í lábùkù, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ tí mo wà l'Ékòó kógbá sílé ni mo padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé rẹ̀ ní Mọ́wé la jọ ń gbé, àárọ̀ la jọ máa ń wọ mọ́tò lọ sí Ìbafò. Láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Òun á lò ó, á dìde, èmi á jókòó. Èmi á dìde, òun á jókòó.

Ètò inú kọ̀ǹpútà tí Màámi fi ń táìpù, ti àtijọ́ ni. Gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe láti gbogbo ọdún yìí wá, inú rẹ̀ ló wà. Ó mọ ibi tí ohun gbogbo wà lójú rẹ̀ bí ó ṣe mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú kíṣìnnì rẹ̀. Àmọ́ àwọn oníbàárà tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ wá nínú fíláàṣì, ètò tuntun ni wọ́n fi táìpù tiwọn, ti àtijọ́ kò sì lè ṣí i. A ń lé wọn padà. Èyí ló mú mi pe ẹnjiníà kan pé kó wá fi tuntun sínú láptọ́ọ̀pù wa. Ó fẹ́ yọ ti àtijọ́ kúrò, Màámi fò sókè.

"Ẹ má yọ tèmi o! Ẹ fi tiyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe wà pa pọ̀ nínú ẹ̀rọ kan. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ojú wọn ló yàtọ̀. Màámi ń pe ti àtijọ́ ní "tèmi," ó ń pe tuntun ní "tìẹ." Bó ṣe máa ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni pé á wá ìwé tó fẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, á tẹ ìwé náà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ìwé á sì ṣí. Nígbà tó jẹ́ ètò kan ló wà níbẹ̀, kò sí wàhálà. Ìgbà tó di méjì, ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún kọ̀ǹpútà pé irú ìwé báyìí, ọ̀dọ̀ tibí ni kó ti máa ṣí, irú tọ̀hún, ọ̀dọ̀ tọ̀hún. Ẹnjiníà ò sọ fún un. Èmi ò mọ̀ pé ó yẹ kí á sọ ọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo wà níta, mò ń fa jẹnẹrétọ̀ tó kọ̀ tí kò dáhùn, mo gbọ́ ohùn Màámi.

"Ta ló fọwọ́ kan nǹkan mi?"

Mo wọlé. Ìwé àdéhùn ilẹ̀ kan ló fẹ́ ṣàtúnṣe sí, ìwé náà sì ṣí lóòótọ́, àmọ́ inú ètò tuntun ló ṣí sí. Màámi ti ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kúrò lórí bọ́tìnnì bí ẹni tó ṣèèṣì wọ yàrá oníyàrá.

"Ibi tí kò yẹ lẹ tẹ̀, Mọ́mì," mo wí. Mo pa á dé. Mo lọ ṣí ètò àtijọ́ fúnra rẹ̀, mo wá padà tẹ ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣí sínú ti àtijọ́ wẹ́rẹ́. "Òun rèé. Kí ló wá ṣe é?"

Ó wò ó, ó wò mí. "Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ náà nìyẹn."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe tẹ̀ ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, ìwọ ọmọ yìí."

Mo rẹ́rìn-ín, mo padà sídìí jẹnẹrétọ̀.

Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ mìíràn, ìwé á ṣí sínú tirẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, lọ́jọ́ mìíràn á ṣí sínú tèmi. Tó bá ti pè mí, màá dé, màá kọ́kọ́ ṣí ètò àtijọ́, màá wá tẹ ìwé náà, á sì ṣí síbi tó yẹ. Kò sí ìgbà kan tí mo dán an wò tó kọ̀ fún mi. Ohun tó ń gbọ́ tèmi tí kò gbọ́ ti Màámi, ọ̀dọ̀ ta ni ẹ̀bi wà? Màámi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo ti dá ẹjọ́ náà nínú ara mi kó tó di pé ẹnikẹ́ni pe ẹjọ́.

Àmọ́ Màámi kì í ṣe ẹni tó ń káwọ́ lérí. Ó wá bébà kan, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí nǹkan náà bá ṣẹlẹ̀: aago mélòó ni, ta ló jókòó ṣáájú, iṣẹ́ kí lẹni náà ń ṣe. Mo rí i tó ń kọ ọ́, mi ò bi í. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò sí oníbàárà, ó ní kí n jókòó.

"Mo ti ń ṣọ́ ẹ̀rọ yìí," ó wí. "Tí mo bá dé láàárọ̀ tí mo kọ́kọ́ ṣí tèmi, gbogbo ìwé á máa ṣí sínú tèmi. Àmọ́ tí o bá ti jókòó síbí, tí o bá fi tìẹ ṣiṣẹ́, kí o tó dìde lórí àga yìí, ó ti yí padà nìyẹn. Ìgbàkígbà tí o bá dìde ni."

"Èmi ni mò ń yí i padà ni, Mọ́mì?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní tí o bá ti dìde ló máa ń yí padà. Ẹ̀rọ ló ń yí padà."

Yéè! Mo fò dìde. Kí ẹ tó bá mi wí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Màmá àgbàlagbà kan wà ní òpópónà wa ní Mọ́wé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìyàwó ọmọ òun ń gbé ìkòkò òun pamọ́. Wọ́n pẹ̀tù sí i. Ó tún ní ìyàwó náà ń pààrọ̀ bàtà òun. Kò pẹ́ kò jìnnà, màmá náà ò mọ orúkọ ara rẹ̀ mọ́, ìyàwó tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ti di àjẹ́ lẹ́nu gbogbo àdúgbò. Nítorí náà, nígbà tí Màámi ní ìgbàkígbà tí mo bá dìde ni nǹkan ń yí padà, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ Màámi. Ọ̀rọ̀ màmá òpópónà wa ni mo gbọ́.

"Mọ́mì, ẹ ò ní sọ mí di àjẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí o!" Mo pariwo débi pé ọkùnrin tó ń ṣe bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yọjú.

Màámi fọwọ́ bo ẹnu. "Olúwa má jẹ̀ẹ́. Ṣé ohun tí mo sọ nìyẹn?"

Mo mú fóònù, mo bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ wá gbọ́ o, Mọ́mì ti ń gbàgbé. Ó ti ń fẹ̀sùn kàn mí." Ohùn mi ga. Ìgbà tí mo padà wọlé, bébà tó ń kọ nǹkan sí kò sí lórí tábìlì mọ́. Ó ti fà á ya.

Wọ́n ní ẹyin lohùn, tó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ yẹn, Màámi ò pè mí mọ́ tí ìwé bá ṣí síbi tí kò fẹ́. Á kàn jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, á máa wá ohun tó mọ̀ lójú ohun tí kò mọ̀. Èmi á máa gé bébà lẹ́yìn rẹ̀, màá rí i, màá ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mo ní kó pè mí tó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ẹ gbọ́ irú ìwà yẹn.

Obìnrin kan wà tó ní ilé ìwé nítòsí ibẹ̀. Màámi ló ti ń bá a táìpù ìbéèrè ìdánwò láti ìgbà tó dá ilé ìwé náà sílẹ̀. Ní sáà yẹn, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Màámi fi táìpù ìbéèrè náà, kíláàsì lẹ́yìn kíláàsì. Ọjọ́ tó kù díẹ̀ kó parí rẹ̀, ìwé náà tún ṣí sínú ètò tuntun. Kò pè mí. Ó fara dà á, ó ń táìpù lọ nínú ohun tí kò mọ̀ náà. Nígbà tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀, ẹ̀rọ bi í bóyá kí òun sọ ìwé náà di irú ti tuntun. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun rò pé ohun tó ń bi òun ni bóyá òun ti parí.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ ra bébà ní Mọ́wé. Obìnrin onílé ìwé náà dé lẹ́yìn mi. Màámi ṣí ètò tirẹ̀, ó wá ìwé náà jáde nínú rẹ̀, àmọ́ ti àtijọ́ kò lè ka irú ti tuntun. Ohun tó jáde sójú kọ̀ǹpútà ni àmì jákujàku, àpótí kéékèèké, ojú ewé lẹ́yìn ojú ewé. Ìgbà tí mo máa fi dé, obìnrin náà ti wà lórí ìdúró, ó ń fi ọwọ́ pa Màámi léjìká. Màámi ń tẹ nǹkan kan náà léraléra.

"Mọ́mì, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó," obìnrin náà ń wí. "Ẹ lọ sinmi, mà. Ẹ ti gbìyànjú."

Mo gbé láptọ́ọ̀pù náà kúrò níwájú rẹ̀. Mo ṣí ìwé náà nínú ètò tuntun, ó jáde pé pérépéré, mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kò pẹ́ rárá. Obìnrin náà dúpẹ́, ó wò mí, ó mi orí, irú ojú tí àwọn ènìyàn máa ń fi wo ọmọ tó ń tọ́jú òbí. Mo sì gba ojú yẹn, mo jẹ́ kó dùn mọ́ mi. Màámi jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbàárà, kò padà sórí àga rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ wá láti Ifọ̀. A jókòó sí pálọ̀ Màámi ní Mọ́wé. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi, kì í pariwo bí tèmi. Ó ní, "Mọ́mì, kì í ṣe pé à ń fẹ̀sùn kàn yín. Ọjọ́ orí ni." Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní kí Mọ́mì jẹ́ kí àwọn mú wọn lọ síbi àdúrà, pé ẹ̀mí ìgbàgbé kì í dúró níwájú orúkọ Jésù. Gbogbo wa ṣe àmín.

Màámi wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ṣé kò ní dáa ká pe ẹnjiníà yẹn kó wá wo ẹ̀rọ náà ná?"

Èmi ni mo dá a lóhùn. "Ẹ̀rọ ò ní nǹkan kan, Mọ́mì. Mo ti wò ó."

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Gbogbo wa tó wà ní pálọ̀ yẹn ló mọ òwe náà, a mọ̀ ọ́n láti kékeré. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó rántí rẹ̀.

Ilé àdúrà kan wà lọ́nà ẹ̀yìn Mọ́wé, inú àgọ́ kékeré kan tí wọ́n fi páànù kàn. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ní kí a gbà, àdúrà ọ̀sán. Pásítọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ń bá Màámi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹni tí kò bá jẹ́wọ́ àìsàn, báwo ló ṣe máa gba ìwòsàn? Ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Ṣé ẹ ń gbàgbé nǹkan?"

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan, sà," Màámi wí. "Ẹ̀rọ ló ń yí padà."

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn wa ṣe "Ẹ̀yàà." Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nu ojú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì, ó dáhùn ohun kan náà, a tún gbàdúrà. Lọ́jọ́ kẹta, pásítọ̀ tún bi í. Ebi ti mú un gan-an, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó yí ojú, ó wò mí. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, omijé ń dà lójú mi wààrà, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí ìyá mi gbà. Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo ń gbàgbé."

Gbogbo ilé hó yèè, Haleluyà! Ohùn tèmi ló ga jù níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi mú un lọ sí Ifọ̀ lọ́sẹ̀ náà. Kò bá wa jiyàn. Ó di ẹrù rẹ̀, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n máa rántí kí obìnrin onílé ìwé yẹn. Mo ń lọ wò ó lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá Sátidé ni òní. Sátidé ni lóòótọ́. Nígbà tí mo tún lọ, ó ń bi ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bóyá òun ti wẹ̀, bóyá òun ti gbàdúrà àárọ̀, bóyá òun lè jókòó síta. Ó wẹ̀ lóòótọ́, omi ṣì ń kán nírun rẹ̀. À ń wo ara wa, à ń mi orí. A ní ẹ ò rí i pé ó ń le sí i. Kò yé wa pé gbogbo ohun tó ń béèrè ló mọ ìdáhùn rẹ̀. Kò kàn gba ara rẹ̀ gbọ́ mọ́ ni.

Ó tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń dá ṣiṣẹ́, obìnrin onílé ìwé náà wá béèrè ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ kan. Mi ò ṣí ètò Màámi rí láti ìgbà tó ti lọ. Mo ṣí i, mo tẹ ìwé náà jáde, obìnrin náà lọ. Oníbàárà mìíràn wọlé pẹ̀lú fíláàṣì. Mo wá ìwé tirẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Inú ètò àtijọ́ ló ṣí sí, gbogbo rẹ̀ di jákujàku.

Mo pa á dé. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Bákan náà ni. Mo sọ ọ́ síta lójú oníbàárà náà, mo ní, "Ṣé èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Mo ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo ṣí ètò tuntun, mo pa á dé, mo wá tẹ ìwé náà: inú tuntun ló ṣí sí. Mo ṣí ti àtijọ́, mo pa á dé, mo tẹ ìwé kan náà: inú ti àtijọ́. Mo tún ṣe é. Mo tún ṣe é. Èyí tí mo bá lò gbẹ̀yìn ló ń ṣí i. Mo wo àga tí mo jókòó lé lórí. Tí mo bá fi tèmi ṣiṣẹ́, tí mo bá dìde, ó ti yí padà nìyẹn. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi gẹ́lẹ́ ni, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀.

Mo ṣì pe ẹnjiníà. Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún mi pé irọ́ ni. Ó dé lálẹ́ ọjọ́ náà kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù, kò tilẹ̀ jókòó.

"Àǹtí, ṣebí méjì ló wà nínú ẹ̀rọ yín," ó wí. "Èyí tí ẹ bá lò gbẹ̀yìn ló máa ń gba gbogbo ìwé sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá wà pa pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa ń sọ fún un pé ibi báyìí ni kó ti máa ṣí i." Ó ti ń tẹ nǹkan bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ta ló ń lo ti àtijọ́ yìí?"

"Ìyá mi."

"Á, Mọ́mì á ti jìyà o. Ó ti tán, mà. Kò ní yí padà mọ́ láéláé."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó lọ tán, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù látinú, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ké bí ẹni tí òkú kú fún. Àbámọ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń bọ́ lẹ́nu mi. Mo bú ara mi, mo bú ẹnu mi. Ìyá mi ti wo ìṣòro náà, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó ti rí ìdí rẹ̀, ó pè mí jókòó, ó sọ ọ́ fún mi ní ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́wàá á gbọ́. Mo fi ariwo dá a lóhùn, mo sì mú un lọ kó lọ jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe é.

Ilẹ̀ mọ́, mo gbé láptọ́ọ̀pù náà sínú báàgì, mo wọ mọ́tò. Mo gba Àkúté, mo gba Òkè-Àró, mo gba Agbádó, mo gbé ẹ̀rọ náà lé ẹsẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, mò ń ro bí ojú rẹ̀ ṣe máa rí. Mo rí ara mi tí mò ń gbé e padà wá sí Ìbafò lọ́jọ́ náà gan-an.

Màámi wà ní kọ́rídọ̀ ilé ẹ̀gbọ́n mi, ó ń ṣa ẹ̀wà. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti kúnlẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ jàre. Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀rọ ló ń yí padà lóòótọ́."

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jáde síta, ó dúró, ó gbọ́ ọ. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ ẹnjiníà, ó gbé ọwọ́ lé orí, ó wọ inú ilé lọ, kò sì jáde mọ́. Òun gbà mí gbọ́. Mo rí i lójú rẹ̀.

Màámi ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo ṣe tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú mi.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ọmọ dáadáa ni ẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi ń dùn ẹ́. Àmọ́ o ò ní láti purọ́ torí mi. Mo ti gbà á, ara mi ti balẹ̀."

"Kì í ṣe irọ́, Mọ́mì! Ẹ wò ó, ẹ wá wò ó fúnra yín." Mo fa láptọ́ọ̀pù yọ, mo tàn án, mo gbé e lé àpótí ìjókòó níwájú rẹ̀. "Ẹ máa wò ó o. Mo ti ṣí tèmi. Mo ti lò ó tán. Tí mo bá wá tẹ ìwé yín báyìí, inú tèmi ló máa ṣí sí."

Mo tẹ̀ ẹ́. Inú tirẹ̀ ló ṣí sí.

Mo tún ṣí tèmi, mo tún tẹ ìwé rẹ̀. Inú tirẹ̀. Mo ṣe é títí, kò yí padà. Ìgbà náà ni mo rántí pé ẹnjiníà ti tún un ṣe. Mo sọ ọ́ fún un pé, "Wọ́n ti tún un ṣe lánàá ni, Mọ́mì, ó ti ń yí padà tẹ́lẹ̀." Mo gbọ́ bó ṣe ń dún létí ara mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ní màá ní kí ẹnjiníà dá a padà sí bó ṣe wà, màá tún gbé e wá kó lè rí i.

"Má ṣe bẹ́ẹ̀," Màámi wí. "Ṣé kí ẹ̀rọ rẹ bà jẹ́ torí kí ara lè tù mí ni? Kò yí padà, ọmọ mi. Kò yí padà rí." Ó rọra pa ojú láptọ́ọ̀pù náà dé.

Ó gbé ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bojú wo inú ilé bóyá á rí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, kò rí i. Ó wá yíjú sí mi, ó bi mí bóyá òun ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun lónìí. Ó ti lò ó. Ó ṣojú mi nígbà tí mo ń wọlé, ife omi rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ ti lò ó, Mọ́mì," mo wí.

Ó mi orí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó gbà mí gbọ́ lójú ẹsẹ̀.